Afárá Tó Wà Nínú Fóònù

Agbo Ilé Káfíńtà,
Ìlódè, Ilé-Ifẹ̀.
Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà.

Ràódàt ọmọ mi,

Àsàláámù àlékúmù. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara ọkọ rẹ le? Iṣẹ́ ńkọ́? Ọ̀gá yín obìnrin tó ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ṣàìsàn lọ́jọ́ Mọ́ńdè ńkọ́? Ọlọ́run Ọba yóò máa ṣọ́ ọ lọ, yóò sì máa ṣọ́ ọ bọ̀. Ohun rere tí ò ń wá, wàá rí i. Ohun burúkú tó ń wá ọ, kò ní mọ àdírẹ́ẹ̀sì rẹ. Èkó kò ní gbé ọ mì, àwa náà kò ní fojú sunkún rẹ. Àmín láṣẹ Ọlọ́run.

Tiwa níbí, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Àtọ́kẹ́ ìyá rẹ ń kí ọ. Orúnkún rẹ̀ ti fúyẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní kí n kọ ọ́ pé kò tíì fúyẹ́, kí o má baà dáwọ́ owó òògùn dúró. Nítorí náà, kò tíì fúyẹ́ o. Ewúrẹ́ alábàwọ́n bí mẹ́ta, ọ̀kan kú. Aminah ọmọ rẹ ṣe ipò kejì ní kíláàsì rẹ̀, ẹni tó ṣe ipò kìíní jẹ́ ọmọ tíṣà wọn, nítorí náà àwa gbà pé Aminah ló ṣe ipò kìíní. Ó ti ga sí i, ó sì ti wúwo sí i. Èmi ni mo mọ bó ṣe wúwo tó, wàá sì mọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Kí n tó lọ jìnnà, Ràódàt, bí o bá ti rí ojú mi nínú fóònù kí lẹ́tà yìí tó dé ọwọ́ rẹ, tí mo gbé rẹ́sì lọ́wọ́ tí mo ń rẹ́rìn-ín, tí wọ́n wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọnọ́rébù Ọlátẹ́jú fún afárá tó ṣe fún wa, jọ̀ọ́ má tíì gbà á gbọ́. Má sì tíì bínú. Ka lẹ́tà yìí tán ná. Ìdí tí mo fi ń fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ nìyẹn, tí n kò pè ọ́, tí n kò sì fi ohùn ránṣẹ́. Fóònù ti purọ́ mọ́ mi, n kò sì lè tún máa gba ẹnu òpùrọ́ rojọ́. Àyàndélé awakọ̀ ni yóò mú un wá bá ọ, ẹni tí mo kan àga ìjókòó mọ́tò rẹ̀ fún lọ́fẹ̀ẹ́, kò ní lè já a sílẹ̀.

O mọ odò tó wà lẹ́yìn ilé wa, èyí tó wà láàárín àwa àti ilé ìwé Aminah. O mọ̀ pé pákó tí mo kàn sí i pẹ̀lú ọwọ́ ara mi la fi ń kọjá. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn tí Ọlátẹ́jú wá tọrọ ìbò, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó ká ṣòkòtò sókè, ó dúró sáàárín omi náà níṣojú gbogbo wa, ó na ìka sókè ọ̀run pé kó tó pé ọdún kan, afárá oníkọnkéré yóò dúró síbi tí òun dúró sí yẹn. A pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ ń ro wá. Èmi ni mo fún un ní táwẹ̀lì tó fi nu ẹsẹ̀. Ó wọlé ìbò. Táwẹ̀lì kò padà wá, afárá kò wá.

Òjò ọdún yìí wá kó pákó mi lọ lóru ọjọ́ kan ṣoṣo. Àwọn ọmọ ilé ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í fò láti orí òkúta dé orí òkúta. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè kan, Aminah fò, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, omi sì gbé e dé ọrùn. Báàgì ìwé tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni mo rí dì mú. A kò sọ fún ọ nígbà náà, a mọ̀ pé o kò ní sùn. Má bínú sí wa. Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ náà tó bẹ́ẹ̀ tí n kò lè la ẹnu sọ̀rọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ìyá rẹ rò pé mò ń bá òun yodì. Láti ọjọ́ náà, èmi ni mò ń pọ̀n ọ́n kọjá láàárọ̀, èmi náà ni mò ń lọ pọ̀n ọ́n bọ̀ lọ́sàn-án, èmi ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí fóònù ńlá tí o fi ránṣẹ́ nígbà Iléyá, èyí tí kò ní bọ́tìnnì kankan lára. O ní ohunkóhun tí ojú ń wá, kí n béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì. Gbogbo ẹ̀kọ́ tí o fi ohùn kọ́ mi nípa bí wọ́n ṣe ń wá nǹkan níbẹ̀, mo kọ wọ́n sí ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà tí Ọnọ́rébù pín fún wa, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ló ṣeé lò níbẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé bí ènìyàn bá fẹ́ mọ ibi tí afárá ìjọba dé, ẹni tó mọ ohun gbogbo ló yẹ kó bi.

N kò ní parọ́ fún ọ, ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ kò tẹ́ mi lọ́rùn. O ní kí n má kọ gbólóhùn gígùn, kí n kọ kókó ọ̀rọ̀ nìkan. Ìyá rẹ ní ará Èkó ti gbàgbé ilé. Ta ni yóò wọ ilé onílé ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, tí kò ní kí wọn, tí yóò kàn pariwo afárá bí ẹni tó fẹ́ ra ìṣó? A kò sì mọ ọjọ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì yìí, ó lè jẹ́ àgbà. Nítorí náà mo kọ ọ́ pé ẹ káàárọ̀ o, ṣé àlàáfíà lẹ jí, àwọn ará ilé ńkọ́, èmi ni Yẹ̀kínì káfíńtà láti Ìlódè, ọmọ mi Ràódàt ló júwe yín fún mi, ẹ má bínú pé mo yọ yín lẹ́nu. Ìdajì wákàtí ni mo fi tẹ̀ ẹ́. Ó yí díẹ̀, ó sì kó ojú ìwé rẹpẹtẹ jáde, gbogbo wọn ló ń kọ́ ènìyàn bí wọ́n ṣe ń kí àgbà nílẹ̀ Yorùbá.

Ojú tì mí. Mo mọ̀ pé ìkíni mi kò pé. Mo gbé fóònù náà sórí àga, mo dọ̀bálẹ̀ fún un dáadáa, àyà mi kan ilẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni ìyá rẹ wọlé, ó bi mí bóyá ọ̀dọ̀ fóònù la ti ń fẹ́ ìyàwó báyìí. Mo ní kó fi mí sílẹ̀. Nígbà tí mo dìde, mo tẹ kókó ọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí o ṣe wí, ṣùgbọ́n mo fi ẹ jọ̀ọ́ sí i.

Kí n tó dé orí afárá náà, mo kọ́kọ́ dán ẹ̀kọ́ kejì wò. O ní bí nǹkan kan bá wà tí n kò fẹ́ kó bá ohun tí mò ń wá jáde, kí n fi àmì ìyọkúrò síwájú rẹ̀. Mo kọ òṣèlú, mo wá fi àmì náà síwájú irọ́. Ó yí, ó yí, ó ní òun kò rí nǹkan kan. Mo rò pé dátà ló tán, mo ra ti igba náírà sí i, mo tún tẹ̀ ẹ́, ìdáhùn kan náà ni. Nígbà tí mo yọ àmì náà kúrò, ohun tó ya jáde kò lóǹkà, fóònù náà gbóná bí àyọ́n tí wọ́n fi ń lọṣọ. N kò tíì mọ ohun tó fa ìyẹn, bí o bá wálé kí o bá mi yẹ̀ ẹ́ wò, ó lè jẹ́ bátìrì.

Mo wá tẹ afárá Ìlódè, ẹ jọ̀ọ́. Ràódàt, afárá jáde! Afárá oníkọnkéré, irin ọwọ́ rẹ̀ funfun báláú, rìbọ́ọ̀nù pupa ní iwájú rẹ̀, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn lórí rẹ̀, kúlà oúnjẹ ńlá méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọ́n kọ ọ́ sí òkè rẹ̀ gàdàgbà pé Ọnọ́rébù Ọlátẹ́jú ti ṣí afárá tuntun fún àwọn ará Ìlódè. Mo ké pe ìyá rẹ pé afárá ti dé. Ó sáré jáde, ó bi mí pé níbo. Mo ní nínú fóònù. Ó wò ó, ó wo ẹ̀yìnkùlé, ó tún wò ó, ó ní ṣé kì í ṣe pé a ṣì wà lójú oorun.

O ti sọ fún mi pé kí n má gba ojú ìwé kan ṣoṣo gbọ́, kí n wo ibi mẹ́ta ó kéré tán. Mo tẹ̀ lé ẹ̀kọ́ yìí lẹ́sẹẹsẹ. Mo wò ó nínú fóònù mi, mo yá fóònù ìyá rẹ mo wò ó níbẹ̀, mo kọjá sí ilé kejì mo wò ó nínú tiwọn. Afárá náà wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. N kò tún ṣiyèméjì mọ́. Bí ẹlẹ́rìí mẹ́ta bá fẹnu kò, kí ni àgbàlagbà kan tún ń wádìí?

Ohun tó kù ni kí n wá ibi tí wọ́n ṣe é sí. Èmi rò pé àwa ni a kò rí i. Igbó lè ti bò ó, o mọ bí koríko ṣe máa ń yára hù lórí iṣẹ́ ìjọba. Mo mú àdá, mo bá odò náà lọ sókè lọ́jọ́ kìíní, mo bá a lọ sísàlẹ̀ lọ́jọ́ kejì, mò ń ṣán igbó, mò ń wo abẹ́ ewé. Mo rìn títí mo fi yọ sí ẹ̀yìn Sábó. Mo bá bàbá kan tó ń ta àgbò níbẹ̀, mo fi àwòrán náà hàn án, mo bi í bóyá ó rí afárá yìí kó kọjá. Ó wò ó dáadáa, ó ní òun kò rí afárá, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ àgbò ni mò ń wá, òun lè dá mi lóhùn. Mo tún ronú pé bóyá dátà ni ènìyàn gbọ́dọ̀ ní kó tó lè rí i. Mo tan fóònù, mo jẹ́ kí dátà wọlé dáadáa, mo gbé e lọ sétí odò, mo dúró. Omi nìkan ló ń ṣàn lọ.

Ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀nà ilé ìwé dé, n kò tíì jókòó, Kọ́lápọ̀ bá wọlé. Kọ́lápọ̀ ni ọmọ ẹ̀yìn Ọnọ́rébù tó máa ń gbé gbohùngbohùn fún un. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, ó pè mí ní bàbá gbogbo wa. Ó gbé àpò rẹ́sì kékeré kan lé mi lọ́wọ́, ojú Ọlátẹ́jú wà lára àpò náà, ó ní kí n rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín. Ta ni kì í rẹ́rìn-ín bó bá gbé rẹ́sì? Ó ya mí ní fọ́tò lẹ́ẹ̀mẹta, ó dúpẹ́, ó wá fa fọ́ọ̀mù kan yọ.

Wọ́n kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù náà pé àwa àgbà Ìlódè jẹ́rìí pé iṣẹ́ afárá ti parí, a sì ti gbà á lọ́wọ́ ìjọba. Kọ́lápọ̀ ní ìbuwọ́lùwé mi nìkan ló kù kí ìjọba tó san ìyókù owó fún agbaṣẹ́ṣe. Mo bi í pé afárá wo. Ó ní èyí tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ṣé n kò rí i ni? Mo ní mo rí i. Ó ní ó dáa, kí n fọwọ́ sí i. Mo ti gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀, Ràódàt, mo ti kọ Y. Irọ́ ni n kò fẹ́ pa, mo sì rí afárá náà nínú fóònù mẹ́ta pẹ̀lú ojú ara mi! Ìyá rẹ ló gba ẹ̀gbẹ́ mi sọ pé bí a bá ti gba afárá tán nínú ìwé, ṣé ìjọba tún lè wá ṣe òmíràn fún wa. Kọ́lápọ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní rárá o màmá, ẹnì kan kì í gba nǹkan lẹ́ẹ̀mejì. Ọwọ́ mi bá dúró. Mo rántí bí Aminah ṣe wúwo. Mo ní èmi kò lè dá fọwọ́ sí i fún gbogbo Ìlódè, kí ó padà wá lọ́jọ́ Jímọ̀ nígbà tí a bá kírun tán, kí gbogbo wa jókòó sí i.

Ọjọ́ Jímọ̀ pé, àwọn ènìyàn kún iwájú ilé wa. Kọ́lápọ̀ ló kọ́kọ́ dìde láti sọ̀rọ̀, ó ti jókòó sí àga iwájú láti ìgbà tí a kò tíì dé. Mo mú kàlẹ́ńdà jáde, mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà, mo ka ẹ̀kọ́ rẹ sí wọn létí pé ẹni tó bá kọ́kọ́ yọ lókè, ó lè jẹ́ pé ó sanwó kó tó débẹ̀ ni, kí ènìyàn fà á wá sísàlẹ̀ kó tó rí òótọ́. Mo ní kí Kọ́lápọ̀ má bínú, kó jókòó ná, a fẹ́ fà á wá sísàlẹ̀. Gbogbo èrò yíjú sẹ́yìn láti wo ẹni tó jókòó sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Yéjídé ni.

O kò lè gbàgbé Yéjídé, ìyàwó Muhyideen oníṣẹ́ páànù. O mọ̀ pé wọn kì í pín nǹkan ní Ìlódè kí ó má sí níbẹ̀. Ìsọmọlórúkọ, ó ti dé. Ìsìnkú, ó ti dé, ike oúnjẹ rẹ̀ wà nínú báàgì. Nígbà tí wọ́n wá gún àwọn ajá àdúgbò lábẹ́rẹ́, Yéjídé ló ṣe ẹnì kẹta lórí ìlà, kò sì ní ajá. Ó dìde, ó ní kí wọ́n fi àwòrán afárá náà han òun. Ó fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́, ó ń wo ojú ènìyàn kọ̀ọ̀kan, ó lọ láti ọwọ́ ọ̀tún dé ọwọ́ òsì, ó tún padà. Ó bi Kọ́lápọ̀ bóyá Ìlódè yìí ni wọ́n ti ṣí afárá náà lóòótọ́. Kọ́lápọ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó bi í bóyá oúnjẹ ló wà nínú kúlà méjì yẹn. Kọ́lápọ̀ ní oúnjẹ rẹpẹtẹ ni, gbogbo ènìyàn ló jẹ yó.

Yéjídé wá kọjú sí gbogbo wa, ó ní ẹ̀yin ará Ìlódè, wọ́n pín oúnjẹ, èmi kò sí níbẹ̀, ṣé Ìlódè nìyẹn? Àwọn àgbà mi orí, àwọn obìnrin mi orí, Muhyideen ọkọ rẹ̀ pàápàá ní bí ìyàwó òun kò bá sí níbẹ̀, kì í ṣe ìlú yìí. Ràódàt, gbogbo ẹ̀kọ́ tí o kọ́ mi, kò sí èyí tó yára tó ìyẹn.

Ṣùgbọ́n èmi kò fẹ́ kí ẹ̀kọ́ rẹ ṣòfò. Mo tẹ àwòrán náà mọ́lẹ̀ bí o ṣe wí, mo ní kí íńtánẹ́ẹ̀tì bá mi wá ibòmíràn tí irú rẹ̀ wà, kí n sì wo déètì rẹ̀. Ó gbé afárá kan náà jáde, rìbọ́ọ̀nù kan náà, kúlà kan náà, ní ìlú òkèèrè kan tí ahọ́n mi kò lè pè, láti ọdún méjìlá sẹ́yìn, nígbà tí Ọlátẹ́jú ṣì ń ta táyà àlòkù. Mo fi han Kọ́lápọ̀. Ó wò ó, ó ní ẹ wo bí Ọnọ́rébù ṣe jẹ́ aríran tó, ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fún wa kó tó dé ipò.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé tó bá jẹ́ pé afárá ṣì ń bọ̀, kó kọ ìlérí náà sílẹ̀, kó fi àmì àyọlò sí iwájú rẹ̀ àti sí ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí o sọ fún mi pé bí mo bá fẹ́ ohun kan gan-an tí n kò fẹ́ kí wọ́n gbé ohun tó jọ ọ́ wá, kí n há a sáàárín àmì méjèèjì. Mo rò pé ibi tí a ti ṣìnà nìyẹn ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. A tọrọ afárá láìfi àmì sí i, wọ́n gbé fìlà wá, wọ́n gbé kàlẹ́ńdà wá, wọ́n gbé agbòjò wá. Kọ́lápọ̀ gba bírò, ó kọ ọ́ pé ìdàgbàsókè ń bọ̀. Mo ní rárá, afárá ni kó kọ, kó sì há a mọ́. Ó ní bírò náà ti gbẹ.

Nígbà tí ó rí i pé kò sẹ́ni tí yóò fọwọ́ sí i, ó kó fọ́ọ̀mù rẹ̀, ó wọlé wa, ó gbé àpò rẹ́sì rẹ̀ padà, èyí tí ìyá rẹ ti bù nínú rẹ̀. Ó ní ẹgbẹ́ alátakò ti rà mí. Ọ̀rọ̀ yẹn yà mí lẹ́nu, mo bi í níbi tí àwọn alátakò ń gbé, torí wọn kò tíì mú owó náà wá. Ó ki rẹ́sì náà bọ abẹ́ apá, ó lọ.

Mo rò pé ó ti parí. Ọjọ́ Àìkú, ìyá rẹ tan fóònù rẹ̀, ó sì fọwọ́ bo ẹnu. Èmi ni mo wà níbẹ̀. Àpò rẹ́sì ní ọwọ́ mi, eyín mi síta, afárá funfun yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n kọ ọ́ pé Bàbá Yẹ̀kínì, àgbà Ìlódè, fi omijé ayọ̀ dúpẹ́. Ní mọ́ṣáláṣí wọ́n ń pè mí ní Bàbá Afárá. Ẹnì kan fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó bi mí iye tí wọ́n fún mi, ó ní òun kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó dùn mí, Ràódàt. Ogójì ọdún ni mo fi ṣe káfíńtà nílùú yìí, n kò ta pákó tí ikán jẹ fún ẹnikẹ́ni rí.

Èyí tó dùn mí jù ni ti Aminah. Ó ti mọ̀wé kà, o mọ̀. Ó kà á sókè ketekete láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó wá bi mí níbi tí afárá náà wà, kí a lè máa gba orí rẹ̀, kí ẹ̀yìn má baà máa dùn mí. Mo ní kó lọ wá bàtà rẹ̀.

Àwọn nǹkan tí mo fẹ́ kí o ṣe fún mi kò pọ̀. Pákó gígùn mẹ́rin àti ìṣó oníǹṣì mẹ́fà, bí o bá lè fi owó rẹ̀ rán Àyàndélé. Ọwọ́ mi ṣì lè kan afárá, kò ní ní rìbọ́ọ̀nù, ṣùgbọ́n yóò wà lórí omi. Bí nǹkan kan bá ṣẹ́kù, kí o fi ra bọ́ọ̀tù òjò fún Aminah, àti dátà díẹ̀ fún èmi. Má gbàgbé owó òògùn orúnkún tí kò tíì fúyẹ́. Mo sì fẹ́ kí o kọ nǹkan kan sábẹ́ àwòrán mi yẹn, ìwọ tí o mọ ọ̀nà ibẹ̀, kí ẹni tó bá ń wá afárá Ìlódè lè rí i. Má bú ẹnikẹ́ni. Wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń bú ènìyàn padà jù wá lọ.

Mo ti wo àwòrán náà títí, mo sì ti rí ohun tí Kọ́lápọ̀ gbàgbé láti gé kúrò nínú rẹ̀. Mo sọ fún ọ pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀nà ilé ìwé dé ni nígbà tó wọlé. Sọ fún wọn kí wọ́n fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́ bí Yéjídé ti ṣe, kí wọ́n wo ìsàlẹ̀. Mo ká ṣòkòtò dé orúnkún, ó sì tutù rinrin, omi ń kán sílẹ̀ lára rẹ̀. Kí wọ́n kàn bi ara wọn pé bí bàbá yìí bá ní afárá, kí ló gbé e gba inú omi?

Ọlọ́run yóò fún ọ ní ọ̀nà gbígbẹ láti máa rìn. Ibi tí a ti gbé ọ kọjá nígbà èwe, ìwọ náà yóò gbé ọmọ rẹ dé ibi tó dára ju ibẹ̀ lọ. Ilẹ̀ ti ń mọ́ báyìí, Aminah ti gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká, ó ń pè mí láti ẹ̀yìnkùlé.

Èmi ni bàbá rẹ, tí ṣòkòtò rẹ̀ kò tíì gbẹ,

Yẹ̀kínì.